Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn ka Materials o: èsì mi sí bàbá tó kọ̀wé láti Ọbantoko

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé títẹ̀ láyé tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí. Torí lẹ́tà bàbá kan ní Ọbantoko tí ẹ gbé jáde ni mo ṣe ń kọ̀wé, bàbá tó ní ọmọ òun obìnrin fẹ́ ka ìṣègùn àmọ́ Materials Science and Engineering ni yunifásítì fún un, tí wọ́n wá ń bèèrè pé ṣé kó gbà á àbí kó jókòó sílé kó tún JAMB ṣe, torí àwọn ò tíì rí ẹni tó ń jẹun nídìí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ti rí ẹnì kan báyìí o. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì, sẹ̀rámíìkì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nǹkan líle bí ìkòkò, àwo àti bíríkì tí wọ́n fi iná sun, nígbà tó yá mo wọnú ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀yì, ìyẹn irin tí wọ́n da oríṣiríṣi pọ̀, obìnrin sì ni mí bíi ti ọmọ wọn, ọmọ Ẹ̀gbá ni mí pẹ̀lú, torí náà ẹnu mi gba ọ̀rọ̀ yìí.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kọ̀ ọ́.

Ohun tí à ń ṣe ò ta kókó láti sọ. Gbogbo nǹkan téèyàn ń lò láyé ló ní ohun tí wọ́n fi ṣe é, iṣẹ́ tiwa ni ká wádìí ìdí tí ohun ọ̀hún fi ń hu ìwà tó ń hù, ká sì mọ ohun tí a lè fi kún un tàbí irú iná tí a lè fi sí i kó lè hu ìwà tí a fẹ́. Ẹ mú àwo bírékébù àti abọ́ irin, kí àwọn méjèèjì bọ́ lulẹ̀ lórí símẹ́ńtì, àwo á fọ́, abọ́ á kàn tẹ̀ ni. Inú irin, àwọn átọ́ọ̀mù, ìyẹn hóró tín-ín-tín tí gbogbo nǹkan fi kóra jọ, tò lẹ́sẹẹsẹ, àmọ́ àbùkù wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú títò yẹn, àbùkù yìí lè rìn láti ibì kan dé ibòmíì, bó bá ṣe ń rìn ni ìlà kan á máa yọ̀ lórí ìkejì díẹ̀díẹ̀, irin á tẹ̀, kò ní ya. Ọdún 1934 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Taylor, Orowan àti Polanyi, ṣàlàyé ẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nínú ọdún kan ṣoṣo. Ti sẹ̀rámíìkì ò rí bẹ́ẹ̀, àwọn átọ́ọ̀mù ibẹ̀ di ara wọn mú pinpin, wọn ò gbà kí ìlà kan yọ̀ lórí èkejì, ìyẹn ló jẹ́ kó le, ìyẹn ló jẹ́ kó lè fara da iná tó máa yọ́ irin, ìyẹn náà ló fà á tó jẹ́ pé tó bá ti sán níbi kékeré báyìí, ìsán náà máa sáré gba inú ẹ̀ já sódìkejì ni. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Griffith ló kọ́kọ́ fi ìṣirò gbé ọ̀rọ̀ ìsán kalẹ̀ ní 1920, gíláàsì ló fi ṣe é, ó fi hàn pé àwọn ìsán tín-ín-tín tó ti wà lára gíláàsì tẹ́lẹ̀ ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìsán yìí ni mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi ṣe. Tó o bá fẹ́ mọ bí nǹkan amọ̀ tó o sun ṣe lágbára tó, o ò lè fi ẹyọ kan sọ̀rọ̀, torí kò sí méjì tí ìsán inú wọn dọ́gba, kódà tó bá jẹ́ pé inú àpò amọ̀ kan náà ni wọ́n ti wá, inú ìléru kan náà, ọjọ́ kan náà. Wàá ṣe bíi 30, wàá fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n títí wọ́n á fi fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wàá wá lo ìṣirò Waloddi Weibull ará Sweden, èyí tí bébà ẹ̀ tó lókìkí jù jáde ní 1951, láti mọ iye tó o lè fọkàn tán. Èèyàn á fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ mọ nǹkan, á fi ọ̀sán kan fọ́ gbogbo ẹ̀, inú ẹ̀ á sì dùn, torí àwọn nọ́ńbà yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ẹni tó bá ní sùúrù tó sì máa ń fẹ́ mọ ìdí nǹkan, iṣẹ́ yìí á bá a lára mu, bó ti wù kó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó kan ìṣègùn. Ní 1970 dókítà kan nílẹ̀ Faransé, Pierre Boutin, fi alúmínà, tó jẹ́ sẹ̀rámíìkì, rọ́pò oríkèé ìbàdí tó ti bàjẹ́ lára èèyàn, ẹni tí ò lè rìn tẹ́lẹ̀ dìde ó rìn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé alúmínà le gan-an, kì í tètè jẹ, àmọ́ ó ń sán. Ọdún 1975 ni Garvie, Hannink àti Pascoe ní Ọsirélíà kọ nǹkan tó yí ọ̀rọ̀ yẹn padà nípa sẹ̀rámíìkì kan tó ń jẹ́ zirconia. Tí ìsán bá ń sáré bọ̀ nínú zirconia, àwọn hóró kéékèèké tó wà níwájú ẹ̀ máa yí ìtò wọn padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n á wú díẹ̀, wíwú yẹn á fún ẹnu ìsán náà mọ́ ara, kò ní lè sáré mọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka bébà yẹn lọ́mọ ilé ìwé, mi ò lè sùn. Sẹ̀rámíìkì tó ń gbèjà ara ẹ̀! Lónìí tí dókítà eyín bá fẹ́ fi eyín tuntun sẹ́nu èèyàn, zirconia wà lára ohun tí wọ́n ń fi ṣe é, tí egungun bá kán tí wọ́n sì fẹ́ fi irin dè é, titanium àti àwọn álọ́ọ̀yì ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò torí ara kì í kọ̀ ọ́. Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ọ̀nà tó fẹ́ gbà wo èèyàn sàn ò tíì dí.

Ti irin náà ní adùn tiẹ̀. Bàbà nìkan rọ̀, síńkì nìkan ò ní agbára kan tó ṣeé fọkàn tẹ̀, da méjèèjì pọ̀ nínú iná ó di idẹ, idẹ á wá le ju àwọn tó bí i lọ. Àwọn baba wa n'Ilé-Ifẹ̀ mọ èyí dáadáa, ẹ wo àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìda mọ ère náà, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda dànù, wọ́n á wá rọ idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Amọ̀ àti irin nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. N'Ifẹ̀ yẹn kan náà, ní Igbó Olókun, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì fún ìlẹ̀kẹ̀, láti nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí 15, wọ́n sì yẹ èròjà gíláàsì náà wò, wọ́n rí i pé kò jọ èyí tó ń ti òkè òkun wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ìkòkò tó lè gbé gíláàsì yíyọ́ dání láì là, kì í ṣe ẹni tí ò mọ nǹkan kan ló mọ ọ́n o, ẹni tó mọ ọ́n mọ amọ̀, ó mọ iná, ó mọ ohun tó yẹ kó fi lú u. Ó ń dùn mí tí wọ́n bá ń sọ fáwọn ọmọ wa pé ìmọ̀ yìí, òyìnbó ló gbé e dé.

Ẹ̀yin olóòtú gan-an, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn níbí l'Abẹ́òkúta ní 1859, lẹ́tà onírin tí wọ́n ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan ni ayé fi ń tẹ̀wé, òjé ló sì pọ̀ jù nínú lẹ́tà yẹn. Àmọ́ òjé nìkan rọ̀ jù, tẹ́ ẹ bá fi tẹ̀wé díẹ̀ ojú lẹ́tà á ti pẹlẹbẹ. Wọ́n máa ń fi tánńganran àti antimony sí i, antimony yìí ló ń mú kó le, òun náà ni kì í jẹ́ kó súnkì púpọ̀ tó bá ń dì nínú móòdù, kí ojú lẹ́tà lè mú ṣáṣá. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ìwọ̀n tó yẹ kó fi sí i ṣe é lóore fún gbogbo ẹni tó ń ka ìwé láyé, àwa ọmọ Yorùbá náà wà níbẹ̀.

Mi ò fẹ́ kó gùn jù, kí n kàn mẹ́nu ba méjì sí i. Síbí inú ilé yín tí kì í dípẹtà, Harry Brearley ní Sheffield ló ṣe irú irin yẹn ní 1913, kúrómíọ̀mù ni wọ́n ń fi sí i, tó bá ti tó nǹkan bí 10.5 nínú 100, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú ò rí máa bo irin náà, atẹ́gùn àti omi ò ní rí i wọ̀. Èkejì ni ti Alfred Wilm ní Jámánì ní 1906, ó fi bàbà díẹ̀ sínú àlùmíníọ̀mù, ó mú un gbóná, ó rì í sómi, ó gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ìgbà tó padà wò ó, ó ti le ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Látinú irin yẹn ni ìran àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe ara bàlúù ti jáde.

Bàbá ní kò sẹ́ni tí àwọn mọ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ n dárúkọ Wole Soboyejo, ọmọ Yorùbá, ẹni tí gbogbo wa tó wà nínú iṣẹ́ yìí mọ̀. Ó kàwé ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gba oyè dókítà ní Cambridge, ó di púrófẹ́sọ̀ ní Princeton, ó tún wá ṣe olórí African University of Science and Technology l'Abùjá. Oyè yẹn tóbi lóòótọ́, àmọ́ ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí bí ìsán ṣe ń dàgbà lára titanium àtàwọn irin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru, òun náà ló tún jókòó ti amọ̀ àti ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń dà nù ní sọ́míìlì, láti fi wọ́n ṣe asẹ́ omi mímu fáwọn aráàlú. Ṣé ẹ mọ bí asẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Wọ́n á po amọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun pákó, wọ́n á mọ ọ́n bíi garawa, wọ́n á sun ún, iná á jó ìyẹ̀fun pákó kúrò nínú ẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ á wá ṣẹ́kù káàkiri inú amọ̀ náà, ihò tó kéré débi pé omi á kọjá, ìdọ̀tí àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn ò ní lè kọjá. Fernando Mazariegos ní Guatemala ló ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní 1981, wọ́n máa ń fi fàdákà díẹ̀ kùn ún kó lè pa èyí tó bá fẹ́ sá wọlé. Iṣẹ́ tó kù fún onímọ̀ ni pé ihò púpọ̀ ń jẹ́ kí omi tètè jáde àmọ́ ó ń sọ garawa náà di aláìlágbára, ihò díẹ̀ ń mú kó lágbára àmọ́ omi á máa kán tó tó tó títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ìwọ̀n wo ló dáa? Ọmọ yín lè fi ìbéèrè yẹn gba dígírì.

Ìlú wa yìí gan-an, orí ohun èlò iṣẹ́ yìí la jókòó lé. Giranáìtì ni òkúta Olúmọ, èròjà kan wà nínú giranáìtì tó ń jẹ́ feldspar, òjò àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ló ń sọ ọ́ di kaolin, amọ̀ funfun, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ní in. Ẹ gba ọ̀nà Ewékorò lọ, láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe símẹ́ńtì níbẹ̀, gbogbo wa ló ń rí èéfín, mélòó nínú wa ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ gbọọrọ tó ń yí po yẹn? Ohun tí wọ́n ń sun nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 1,450 dígírì Celsius. Irin tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà á ti rọ̀ pátápátá kó tó débẹ̀, bíríkì sẹ̀rámíìkì tí wọ́n tò sí i nínú ni ò jẹ́ kí iná kàn án, ti alúmínà ní apá kan, ti magnesia níbi tí iná ti mú jù. Bíríkì yẹn máa ń jẹ, tó bá ti jẹ kọjá ààlà, wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró kí wọ́n tó tún òmíì tò, owó ńlá ló sì ń lọ sí i. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń yọ́ irin, tí wọ́n ń ṣe ìgò, tí wọ́n ń sun símẹ́ńtì, wọ́n máa wá ẹni tó mọ bíríkì yìí. Kí bàbá má ṣe sọ pé kò sí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ìkòkò àlùmíníọ̀mù tí à ń fi se ọbẹ̀, èyí tí wọ́n rọ lábẹ́lé látinú kọ̀ǹdẹ́mù, mo ti jókòó lọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ ọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn dáa, oníṣẹ́ gidi ni wọ́n. Àmọ́ ohun tó ń bọ́ sínú iná yẹn, písítọ̀ọ̀nù ọkọ̀ ni, ara kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni, wáyà ni, agolo ni, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú kálukú wọn. Ní 2014 àwọn oníwàádìí yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò ní Kamẹrúùnù, wọ́n rí i pé òjé ń jáde látinú ẹ̀ bọ́ sínú oúnjẹ, òjé sì jẹ́ májèlé fún ọpọlọ ọmọdé. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ gbógun ti àwọn tó ń rọ ìkòkò o, ọ̀nà oúnjẹ wọn ni. Ohun tí mò ń fẹ́ ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé lábù kan kalẹ̀ níbí l'Abẹ́òkúta, tí ẹni tó ń ra kọ̀ǹdẹ́mù ní Láfẹ́ńwá, ẹni tó ń rọ ìkòkò, ìyá tó ń mọ ìṣà, alágbẹ̀dẹ, lè gbé nǹkan wọn wá kí wọ́n bá wọn yẹ ohun tó wà nínú ẹ̀ wò lówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀rọ wà tó jẹ́ pé wọ́n á kàn tan iná ẹ̀ sí ara irin, á sọ èròjà tó wà nínú ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò tóbi ju ẹ̀rọ tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń lu ihò lọ. Ẹni tó máa ṣe alábòójútó lábù yẹn, irú ọmọ tí bàbá Ọbantoko bí yìí ni.

Mi ò ní parọ́ fún wọn, iṣẹ́ náà ní ìnira. Iná ni olórí ẹ̀. Nǹkan amọ̀ tó o fẹ́ sun dé 1,500 dígírì, o ò lè kàn gbé e ju sínú iná, díẹ̀díẹ̀ ni wàá máa gbé ooru ẹ̀ sókè, á dúró síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, díẹ̀díẹ̀ náà ni wàá gbé e sọ̀kalẹ̀, ó lè gba odindi ọjọ́ kan mọ́jú. Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín, ó parí, ohun tó wà nínú ẹ̀ á sán, ìléru náà fúnra ẹ̀ lè bàjẹ́. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, jẹnẹrétọ̀ wà, owó dísù ni kì í sí, àwọn ọmọ tí mò ń tọ́ máa sùn sí lábù kí wọ́n lè lo iná òru, ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó sunkún níwájú mi nígbà tí iná ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò ní nǹkan kan láti sọ fún un, mo jókòó tì í ni. Ẹ̀rọ maikirosikóòpù tó lè fi ojú ìsán hàn wá, wọ́n rà á, ó bàjẹ́, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ò sí nítòsí, a wá ń kó sáńpù ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ lókè òkun kí wọ́n lè bá wa wò ó, tó bá wù wọ́n ni wọ́n á dá wa lóhùn. Ọpọlọ àwọn ọmọ wa pé, mo ti kọ́ wọn, mo mọ̀. Èèyàn ò lè fi ọpọlọ nìkan sun alúmínà.

Síbẹ̀síbẹ̀, ọmọbìnrin tó sunkún yẹn ti gba oyè dókítà báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ lórí awọ zirconia tí wọ́n ń fi bo àwọn bíléèdì tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì bàlúù ni, kí ooru má bàa yọ́ irin níkẹ́li tó wà lábẹ́ ẹ̀, torí atẹ́gùn iná inú ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbóná kọjá ibi tí irin náà ti ń yọ́, awọ sẹ̀rámíìkì fẹ́lẹ́ yẹn àti atẹ́gùn tútù tí wọ́n ń fẹ́ gba inú irin náà ló ń dá ẹ̀mí àwọn tó wà nínú bàlúù sí. Tí mo bá wọ bàlúù báyìí, òun ni mo máa ń rántí.

Ohun tí màá gba bàbá níyànjú láti ṣe rèé. Kí ọmọ gba àyè náà, ẹ̀ka yìí wà n'Ifẹ̀, orúkọ tó fara pẹ́ ẹ náà ló ń jẹ́ ní yunifásítì Èkó àti ní FUTA l'Ákùúrẹ́. Kó mú kẹ́mísìrì àti físíìsì ní pàtàkì láti ọdún àkọ́kọ́, kó má ṣe sá fún mátíìsì. Tó bá kan ìgbà I.T. oṣù mẹ́fà, ẹ má jẹ́ kó lọ jókòó sí ọ́fíìsì ẹnì kan kó máa bá wọn ra oúnjẹ ọ̀sán, kó kọ̀wé sí iléeṣẹ́ símẹ́ńtì, iléeṣẹ́ ìgò, ibi tí wọ́n ń yọ́ irin, tàbí Engineering Materials Development Institute l'Ákùúrẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, kó sì tètè kọ ọ́, torí àyè kì í pẹ́ kún. Wọ́n lè máa sọ fún un níbẹ̀ pé obìnrin kì í dúró nídìí ìléru, wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà, kó wọ bàtà iṣẹ́ ẹ̀ kó dúró.

Ẹ̀yin olóòtú, mo ti kọ nọ́ńbà mi sẹ́yìn ẹ̀nfílóòpù, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ bá mi fún bàbá náà. Mo ní àwọn ìwé kan nílé tó máa wúlò fún ọmọ yẹn láti ọdún kejì lọ, mo sì ní àwọn sáńpù tí wọ́n ti fọ́, tí ojú ìsán hàn dáadáa lára wọn, tí mo fẹ́ fi hàn án. Kó wá lọ́jọ́ Sátidé èyíkéyìí, kó mú bàbá ẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá onímọ̀ sẹ̀rámíìkì kan tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.